Bíréèkì Kì Í Ṣàdédé Já: Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ìjàǹbá Tírélà àti Tánkà Lágbègbè Abuja

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ọjọ́ 19 oṣù kẹta ọdún 2025, tírélà kan tó kó sìmẹ́ǹtì kọ lu àwọn ọkọ̀ tó tò sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lẹ́bàá afárá Karu, ní Nyanya, lójú ọ̀nà Abuja sí Keffi. Iná sọ. Ó kéré tán, ènìyàn 6 ló kú, ọkọ̀ tó jóná sì lé ní 10. Oṣù ààwẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ àwọn tó wà lójú ọ̀nà sì ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ wálé ni.

Ojú ọ̀nà yẹn ni mò ń gbà lọ gbà bọ̀ lójoojúmọ́. Kugbo ni ìsọ̀ mi wà, níbi tí a ti ń kan àga àti bẹ́ẹ̀dì. Mararaba ni mò ń gbé. Nígbà tí mo kọjá níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ibi tí iná ti jó ṣì dúdú bí ìdí ìkòkò. Rímù ọkọ̀ kan ti yọ́, ó sì ti dì mọ́ ọ̀dà títì bí àbẹ́là. Obìnrin kan tó gbé igbá àkàrà sórí dúró tì í, ó ń wò ó, kò sọ nǹkan kan. Gbogbo àwọn tó kù ló ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni gbogbo wọn ń sọ: "Bíréèkì ló já."

Láti ìgbà tí mo ti dé Abuja ni mo ti ń gbọ́ ọ. Bíréèkì já ní òkè Kugbo. Bíréèkì já ní Giri. Bíréèkì já ní Abaji. A máa ń sọ ọ́ bí ìgbà tí èèyàn bá ń sọ pé òjò rọ̀. Tí a bá ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, a ó bá àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kẹ́dùn, ó parí. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni pé bíréèkì tírélà kì í ṣàdédé já. Kí ó tó já ní Nyanya, ó ti já tipẹ́ ní gáréèjì, lọ́wọ́ mẹkáníìkì, lọ́wọ́ olówó ọkọ̀, àti lọ́wọ́ ẹni tó háyà ọkọ̀. Èmi náà wà lára àwọn tí mo dárúkọ kẹ́yìn yẹn.

Bíréèkì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tiwa, òróró ló ń tì í. Ti tírélà kò rí bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ ló ń lò. Ẹ́ńjìnnì á máa fún afẹ́fẹ́ sínú àwọn táǹkì kan lábẹ́ ọkọ̀, rọ́bà á sì gbé afẹ́fẹ́ náà dé ìdí táyà kọ̀ọ̀kan. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, afẹ́fẹ́ á ti irin, irin á ti láíníìnì, ìyẹn awẹ́ bíréèkì, mọ́ dúrọ́ọ̀mù, irin róbótó tó ń bá táyà yí, táyà á dúró. Ariwo "ṣìì" tí ẹ máa ń gbọ́ tí tírélà bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín nínú gósíló, afẹ́fẹ́ yẹn ló ń jáde.

Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà mọ̀ pé rọ́bà lè bẹ́, pé afẹ́fẹ́ lè tán. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi síríìngì ńlá, irin lílọ́ tó máa ń na ara rẹ̀ padà, sí ìdí bíréèkì àwọn táyà ẹ̀yìn. Afẹ́fẹ́ ló ń tẹ síríìngì yìí mọ́lẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá tán, síríìngì á na ara rẹ̀, á sì di táyà mú pinpin. Èyí fi hàn pé tírélà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ tán, ńṣe ló yẹ kó dúró sójú kan, kì í ṣe kó máa já bọ̀ lórí ènìyàn. Láti ilé iṣẹ́ tó ti jáde ni wọ́n ti ṣe é bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ọkọ̀ tó dúró sójú kan kò pawó. Ẹrù wà lórí rẹ̀, oníbàárà ń pe fóònù, rọ́bà tuntun sì wọ́n. Mẹkáníìkì á wọ abẹ́ ọkọ̀, á ki bóòtù gígùn kan bọ ẹ̀yìn síríìngì yẹn, á fi sípánà wé e títí síríìngì á fi há. Lẹ́yìn náà, á dí ẹnu rọ́bà tó ń jò. Ọkọ̀ á gbéra. Táyà yẹn kò ní bíréèkì mọ́, ohun tí wọ́n fi ṣọ́ bíréèkì náà sì ti kúrò níbẹ̀. Wọ́n á ní kó ṣáà fi bẹ́ẹ̀ dé ibi tó ń lọ, pé wọ́n á tún un ṣe níbẹ̀. Ó dé ibẹ̀, wọ́n já ẹrù, ẹrù mìíràn ti ń dúró dè é, ó yí padà. Mo ti rí tírélà tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìdí táyà 3, tó sì ń ná ọ̀nà Lokoja bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ òkè tún wà ńbẹ̀. Tírélà tó gun òkè tán tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, jíà kékeré ló yẹ kó fi sọ̀, kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ máa fà á sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n dísù wọ́n, èyí tó bá sì ṣẹ́kù nínú owó dísù, awakọ̀ ló máa ń ni ín. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ wọn á já ọkọ̀ sí fírì, á máa yí bọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bíréèkì nìkan ló wá ku láti di gbogbo ìwúwo yẹn mú. Dúrọ́ọ̀mù á gbóná, láíníìnì á máa rùn, títí awakọ̀ á fi tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀ tí ọkọ̀ kò ní gbọ́. Ẹni tó bá ti tẹ̀lé tírélà sọ̀ kalẹ̀ láti Kugbo lọ sí Nyanya rí mọ òórùn tí mò ń wí.

Ẹ wá fi eré kún un. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan ń jẹ nǹkan bíi mítà 17 nínú ilẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Kí awakọ̀ tó rí ohun tó wà níwájú, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dé orí bíréèkì, ó ti jẹ tó mítà 25. Bí eré bá sì di ìlọ́po méjì, ohun tí bíréèkì ní láti pa kì í ṣe ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni. Bí táyà 3 nínú ọkọ̀ yẹn kò bá ní bíréèkì, ẹ rí i pé kò sí àràmàǹdà kankan nínú ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà.

Pákó tèmi

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ra pákó ní Ore, ti igi ọmọ àti igi afárá pẹ̀lú ọ̀gànwó díẹ̀. Èmi àti àwọn 3 mìíràn ní Kugbo la da owó pọ̀ tí a fi háyà tírélà kan. A mọ̀ pé ẹrù yẹn ju ohun tó yẹ kí ọkọ̀ kan gbé lọ. A ní kó gbé gbogbo rẹ̀, kí owó ọkọ̀ lè fúyẹ́ lórí wa. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni awakọ̀ náà, ó jù mí lọ dáadáa lọ́jọ́ orí.

Láàárọ̀, mo pè é. "Ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ dé?" Ó ní Ọ̀wọ̀. Lọ́sàn-án mo tún pè, ó ní òun ti ń sún mọ́ Kabba. Iṣẹ́ oníbàárà kan wà lọ́rùn mi nígbà náà, ó fẹ́ gba àga rẹ̀ kí ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ tó pé. Ní aago 9 alẹ́ mo pè é lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ti dé Lokoja. Ó ní afẹ́fẹ́ ọkọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dúró, pé òun fẹ́ sùn síbẹ̀, kí mẹkáníìkì bá òun wò ó tí ilẹ̀ bá mọ́. Èsì tí mo fún un kò tíì kúrò létí mi dòní: "Ẹ̀gbọ́n mi, mo bẹ̀ yín, ẹ ṣáà rọra máa bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n rí pákó yẹn láàárọ̀."

Ó bọ̀. Ó ku díẹ̀ kó dé Abaji, lẹ́yìn aago 2 òru, tírélà mìíràn tó bàjẹ́ ló dúró gbagidi lójú títì, kò tan iná, kò gbé àmì onígun mẹ́ta sílẹ̀. Ẹ̀ka igi tútù 2 ni wọ́n jù sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n wa tẹ bíréèkì, ọkọ̀ kò gbọ́. Ó ya wọ igbó. Pákó tú ká gbogbo ojú ọ̀nà, ẹsẹ̀ mọ́tò bọ́ì rẹ̀ sì kán síbi 2. Ọlọ́run ló yọ wá pé ọkọ̀ èrò kankan kò tẹ̀lé e.

Olówó ọkọ̀ kò yọjú. Àwa tí a ni pákó la dá owó ilé ìwòsàn. Nígbà tí mo lọ wo ọmọkùnrin náà, kò tíì pé ọmọ 20 ọdún, ó gbìyànjú láti jókòó dìde kí ó lè kí mi. Ó ní, "Ẹ kú ìrìn, sà. Ṣé pákó yín ò bàjẹ́ jù?"

Mi ò rí nǹkan fi dá a lóhùn.

Òfin kò ṣàìsí

Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí gbogbo wa ń pè ní Road Safety ti wà láti ọdún 1988. Òfin tó ń lò báyìí jẹ́ ti ọdún 2007, ìlànà ìrìnnà tó so mọ́ ọn sì jẹ́ ti ọdún 2012. Lábẹ́ ìlànà yẹn, tírélà àti tánkà kò gbọdọ̀ sá ju kìlómítà 45 lọ láàárín ìlú, 50 lójú ọ̀nà tó jáde nílùú, àti 60 lójú márosẹ̀ ńlá. Ẹ dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà Gwagwalada fún wákàtí kan péré, kí ẹ wo iye tírélà tó ń sá 60.

Láti ọdún 2016 ni Road Safety ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan lé e pé kí ọkọ̀ akérò àti ọkọ̀ akẹ́rù ní ẹ̀rọ tó ń dí eré lọ́wọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní speed limiter. Láísẹ́ǹsì tí awakọ̀ tírélà gbọ́dọ̀ ní ní ìpele tirẹ̀, ìpele G, kì í ṣe èyí tí èmi àti ẹ̀yin fi ń wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ètò kan tún wà láti ọdún 2007 tó sọ pé ilé iṣẹ́ tó bá ní ọkọ̀ 5 sókè gbọ́dọ̀ ní ẹ̀ka tirẹ̀ tó ń mójú tó ààbò, kó máa yẹ ọkọ̀ àti awakọ̀ rẹ̀ wò, kí Road Safety náà sì máa yẹ̀ wọ́n wò.

Ètò yẹn dára. Ṣùgbọ́n ta ló ni tírélà tó ń gbé pákó, iṣu, tòmátì àti màlúù lójú ọ̀nà wa? Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹni tó ní ẹyọ kan tàbí 2 ni. Bóyá Alhaji kan ní Kano, bóyá ẹnì kan tó fi owó ìfẹ̀yìntì ra orí tírélà tókúnbọ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ kò pé 5, ètò yẹn kò kàn án. Mẹkáníìkì abẹ́ igi ni ẹ̀ka ààbò tirẹ̀.

Nínú gbogbo ohun tí ìjọba gbé kalẹ̀, ọ̀kan wà tí mo rò pé ó mọ́gbọ́n dání ju gbogbo èyí tó kù lọ. Ti àwọn tánkà epo ni, Safe-to-Load ni wọ́n ń pè é. Kí tánkà tó gbé epo ní dépò, wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀: táyà, bíréèkì, iná, ìdérí tí kì í jẹ́ kí epo dà nígbà tí ọkọ̀ bá ṣubú, àti ìwé awakọ̀. Èyí tí kò bá yege kò ní gbé epo. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ló ti ń mú un. Ibi tí ẹrù ti ń wọ ọkọ̀ lagbára wà, torí ibẹ̀ ni owó wà. Awakọ̀ tí wọ́n bá sọ fún pé kò ní gbé ẹrù á wá rọ́bà tuntun lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ̀ṣọ́ tó dá tírélà dúró lójú ọ̀nà kò ní irú agbára yẹn. Ìwé ló lè wò, iná ló lè wò, ojú táyà ló lè wò. Bóòtù tó há síríìngì mọ́lẹ̀ kì í hàn láti ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ká tiẹ̀ ní ó rí i, ibo ló fẹ́ gbé ọkọ̀ tó wúwo tó 50 tọ́ọ̀nù sí láàárín Kwali sí Abaji? Àwọn tó ń gba owó lọ́wọ́ awakọ̀ lójú ọ̀nà náà sì pọ̀ ju àwọn tó ń bi í léèrè bíréèkì lọ. Ẹni tó bá ti jókòó sí iwájú tírélà rí kò ní bá mi jiyàn.

Àmọ́ epo nìkan ni ètò yẹn wà fún. Sìmẹ́ǹtì kò ní irú rẹ̀, pákó kò ní in, iṣu kò ní in. Ní Ore, kò sẹ́ni tó bi awakọ̀ tiwa ní ìbéèrè kankan àyàfi iye tó ń gbà.

Nígbà tí tánkà bá ṣubú

Bí tírélà pákó bá ṣubú, pákó á tú. Bí tánkà bá ṣubú, ìlú lè jó. Ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ní Agaie, Ìpínlẹ̀ Niger, tánkà àti ọkọ̀ ńlá kan tó kó ènìyàn pọ̀ mọ́ màlúù kọ lu ara wọn. Ènìyàn tó kú lé ní 48. Ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún kan náà, ní Majiya, Ìpínlẹ̀ Jigawa, tánkà tó ń ti Kano lọ sí Nguru ṣubú, àwọn ará ìlú lọ gbọ́n epo, iná sọ, ó pa ènìyàn tó lé ní 150. Ọjọ́ 18 oṣù kìíní ọdún 2025, ní Dikko, nítòsí Suleja, ó lé ní 80. Ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ní Essa, ní ìjọba ìbílẹ̀ Katcha, Ìpínlẹ̀ Niger kan náà, ó lé ní 30.

Dikko kò jìnnà sí wa rárá. Ẹni tó bá ń ti Abuja lọ sí Kaduna á kọjá níbẹ̀. Tánkà tó gbé epo bẹntiróòlù 60,000 lítà ló ṣubú síbẹ̀. Ohun tí NEMA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, sọ ni pé wọ́n ń fi jẹnẹrétọ̀ fa epo náà sínú ọkọ̀ mìíràn nígbà tó bú gbàmù.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ bí epo ṣe ń jó. Kì í ṣe omi epo gan-an ló ń gba iná, oru tó ń jáde lára rẹ̀ ni. Oru yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Kì í gòkè bí èéfín, ilẹ̀ ló ń fà lé, á máa wá ibi tó rẹlẹ̀, á wọ gọ́tà, á dúró láàárín ẹsẹ̀ àwọn tó ń gbọ́n epo. Ẹ kò ní rí i. Iná díẹ̀ bíńtín láti ara jẹnẹrétọ̀ tàbí ọ̀kadà tó fi mítà púpọ̀ jìnnà sí ibẹ̀ ti tó. Ẹni tó dúró lókèèrè láti wòran náà lè wà láàárín rẹ̀ láìmọ̀. Bí ẹ bá bá tánkà tó ṣubú pàdé, ẹ má ṣe sún mọ́ ọn láti ya fọ́tò. Ẹ gba ibi tó ga lọ, kí afẹ́fẹ́ máa ti ọ̀dọ̀ yín fẹ́ lọ sọ́dọ̀ tánkà, ẹ jìnnà dáadáa kí ẹ tó pe Road Safety lórí 122 tàbí 112 tí ó jẹ́ ti pàjáwìrì. Bí ọkọ̀ yín bá ti kú nítòsí rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ má ṣe tún un tan.

Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń bú àwọn tó kú ní Majiya, pé ojúkòkòrò ló pa wọ́n. Ó máa ń dùn mí. Nínú oṣù tí ìjàǹbá yẹn ṣẹlẹ̀, lítà epo kan ti lé ní 1,000 náírà. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 kan ju 25,000 náírà lọ. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fi lélẹ̀ lọ́dún náà jẹ́ 70,000 náírà, àgbẹ̀ abúlé kì í sì í gba owó oṣù. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ohun tó yẹ ká bi ara wa ni ìdí tí wọn kò fi rí ẹnikẹ́ni tó lè lé wọn kúrò níbẹ̀, àti ìdí tí tánkà náà fi ṣubú.

Títóbi wà lára ìdí náà. 60,000 lítà bẹntiróòlù nìkan wúwo tó nǹkan bíi 44 tọ́ọ̀nù, a kò tíì ka táǹkì irin àti orí ọkọ̀ mọ́ ọn. Epo inú rẹ̀ kò sì dúró bí àpò sìmẹ́ǹtì. Bí awakọ̀ bá yí sọ́tùn-ún láti yẹ kòtò, epo á rọ́ lọ sósì, á sì fa ọkọ̀ tẹ̀lé ara rẹ̀. Ẹ fi kòtò ọ̀nà Lapai sí Agaie kún un. Lẹ́yìn ìjàǹbá Dikko ni àjọ NMDPRA, tó ń ṣàkóso títa epo, pàṣẹ pé láti ọjọ́ 1 oṣù kẹta ọdún 2025, dépò kankan kò gbọdọ̀ gbé epo fún tánkà tó ń gba 60,000 lítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n tún sọ pé wọ́n fẹ́ dín in kù sí 45,000 kí ọdún náà tó parí. Mo gbà pé ó tọ́. Ṣùgbọ́n tánkà onílítà 45,000 tí wọ́n ti há síríìngì rẹ̀ mọ́lẹ̀ kò sàn ju ti ìṣáájú lọ lójú ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Essa sì ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn àṣẹ yẹn.

Àwọn tó dàgbà díẹ̀ á rántí pé kì í ṣe gbogbo epo ló ń gba ojú títì tẹ́lẹ̀. Páìpù ló ń gbé e wá sí dépò Suleja, ti Minna àti ti Kano, ilé ìfọpo Kaduna náà sì ń ṣiṣẹ́. Wọ́n bẹ́ páìpù, wọ́n jí epo inú rẹ̀, ilé ìfọpo dákẹ́. Ọkọ̀ ojú irin tuntun láti Abuja sí Kaduna bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2016, èrò ló ń kó. Èyí tó yẹ kó so Èkó mọ́ Kano kò tíì so ó. Gbogbo ohun tí a ń jẹ, tí a ń fi kọ́lé, tí a ń sun ní ẹ́ńjìnnì ló wá kó jọ sórí táyà, lójú ọ̀nà kan náà tí ọmọ wa ń gbà lọ sí ilé ẹ̀kọ́.

Àárẹ̀ awakọ̀ náà tún ńkọ́? Owó tíríìpù ni wọ́n ń san fún ọ̀pọ̀ wọn. Ẹni tó sùn kò jẹ. Obì àti ohun mímu tó ń lé oorun ni wọ́n fi ń ṣẹ́gun òru, àwọn mìíràn ń lo ohun tó le ju ìyẹn lọ. Ká tiẹ̀ ní wọ́n fẹ́ sùn, ibo ni wọ́n fẹ́ sùn sí? Ẹ wo Tafa, lójú ọ̀nà Kaduna, bí tírélà ṣe tò sí ẹ̀gbẹ́ títì lọ́tùn-ún lósì, tí ọkọ̀ èrò ń gba àárín wọn kọjá lóru.

Nípa owó lẹ́yìn ìjàǹbá, mo fẹ́ kí gbogbo Yorùbá tó ń gbé níbí mọ ohun 2. Àkọ́kọ́, kò sí ọkọ̀ tó gbọdọ̀ wọ ojú ọ̀nà láìní ìnṣọ́ráǹsì tádì pátì. Láti ọdún 2023, ti ọkọ̀ akẹ́rù ayálò jẹ́ 100,000 náírà lọ́dún, ó sì lè san tó mílíọ̀nù 5 náírà fún dúkìá ẹni tí ọkọ̀ náà bà jẹ́. Nítorí náà, bí tírélà bá gbá yín, kí ẹ tó gba "ẹ máa bínú" lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ gba nọ́ńbà ọkọ̀ àti orúkọ ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ráǹsì rẹ̀, ẹ sì gba ìwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ìkejì, òfin ìlera orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 2014 sọ pé ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ ẹni tó wà nínú pàjáwìrì. Ẹ̀ṣẹ̀ tó ní ìtanràn tàbí ẹ̀wọ̀n nínú ni. Nígbà tí a gbé ọmọ tó kán lẹ́sẹ̀ yẹn dé, nǹkan bíi wákàtí kan ló fi wà lórí bẹ́ǹṣì kí wọ́n tó wò ó, títí owó fi dé láti Kugbo. Ká ní mo mọ òfin yẹn lọ́jọ́ náà, mi ò bá ti ké e síta ní ẹnu ọ̀nà wọn.

Mo ti sọ pé èmi náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwa Yorùbá tó ń ṣòwò ní agbègbè yìí pọ̀ nínú àwọn tó ń háyà tírélà. Pákó ń ti Ondo bọ̀, òògùn àti ohun èlò ilé ń ti Èkó bọ̀, a sì ń di iṣu, ẹ̀wà àti àlùbọ́sà padà. Bí Road Safety kò bá lè wọ abẹ́ ọkọ̀ ní Abaji, àwa tí owó wà lọ́wọ́ wa lè dúró níwájú rẹ̀ kí ẹrù tó wọ̀ ọ́. Lóòótọ́, kì í ṣe iṣẹ́ wa. Iṣẹ́ ìjọba ni kí wọ́n gbé ohun tí wọ́n ń ṣe fún tánkà dé ọ̀dọ̀ gbogbo ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù ńlá, ì báà ṣe ti ẹni tó ní ẹyọ kan, mo sì ń fẹ́ kí àwọn tó ń ṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin béèrè fún un. Ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó dé, a ní ohun tí a lè ṣe.

Àwa 4 yẹn ti fẹnu kò láàárín ara wa. A kì í háyà ọkọ̀ tí kò bá ní ìwé ìnṣọ́ráǹsì tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹnì kan tí a mọ̀ ní Ore, tó jẹ́ mẹkáníìkì tírélà, á wọ abẹ́ ọkọ̀ kí ẹrù tó wọ̀ ọ́, àwa la ń san owó rẹ̀. Á wò ó bóyá bóòtù wà lẹ́yìn síríìngì. A kì í jẹ́ kí ẹrù kọjá ìwọ̀n mọ́, a sì ń san owó ọkọ̀ kejì tí ó bá pọ̀. Owó pákó ti gòkè díẹ̀ lórí wa nítorí rẹ̀. A sì ti fi owó oorun awakọ̀ kún owó ọkọ̀: tó bá dé Lokoja ní alẹ́, ibẹ̀ ló máa sùn, kò sẹ́ni tó máa pè é lẹ́yìn aago 7.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ̀ wa dé ní aago 2 ọ̀sán, ó pẹ́ ju ọjọ́ tí a fi sí lọ ní ọjọ́ kan gbáko. Oníbàárà mi ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Awakọ̀ náà bọ́ sílẹ̀, ó na ara, ó kí wa. Kí ó tó gba omi mu, ó tẹ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀, ó di okùn kékeré kan mú lábẹ́ táǹkì afẹ́fẹ́, ó sì fà á. Omi dúdú tó ti kó jọ sínú rẹ̀ tú jáde pẹ̀lú ariwo, ó rọ́ sórí yẹ̀pẹ̀. Ó tún fà á títí ohun tó ń jáde fi di afẹ́fẹ́ lásán.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa já ẹrù, ọ̀gá. Ó ti mọ́."